Snare àti hi-hat inú sampler mi ń dún bí ẹ̀rọ

Onípaadi: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Tí snare (ìlù tó ń dún gbà) bá wọlé léraléra nínú sampler mi (sọ́fítíwíà tó ń gbé ohùn ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde), gbogbo rẹ̀ máa ń dún bákan náà. Hi-hat (awo irin méjì tó ń gbá ara wọn) tó ṣí náà kì í dákẹ́ nígbà tí èyí tó pa dé bá wọlé. Ṣé kí n pààrọ̀ sọ́fítíwíà ni?

Kọ́ńgọ́: Má tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Fi hi-hat méjèèjì, nọ́tì 42 (èyí tó pa dé) àti 46 (èyí tó ṣí), sínú choke group kan náà. Bí 42 bá ti wọlé, 46 á panu mọ́. Ní ti snare, kó ohùn mẹ́rin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí pad rẹ̀ (ibi tí à ń tẹ̀ kó tó dún), kí o sì tan round robin, kó máa lò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra. Wo velocity (bí lílù ṣe le tó) náà: kí lílù tó le wà ní nǹkan bí 110, kí àwọn kéékèèké wà láàárín 30 sí 50. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 127, tó ga jù, kò sí sampler tó lè gbà ọ́.

Aláyan: Òótọ́ ni, àmọ́ bí ohùn yẹn kò bá ní layer (ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún lílù jẹ́jẹ́ àti èyí tó le), ṣe ni velocity á kàn máa dín ariwo rẹ̀ kù lásán. Ẹ jẹ́ kó darí filter (ohun tó ń dín ohùn tó mú kù) pẹ̀lú, kí lílù jẹ́jẹ́ má tàn jù. DrumGizmo, sọ́fítíwíà ìlù kan, jẹ́ ọ̀fẹ́, layer sì wà nínú àwọn kit (àkójọ ohùn ìlù) rẹ̀, àfi pé ó ń jẹ RAM. Hydrogen, sọ́fítíwíà ìlù mìíràn, fúyẹ́ jù ú lọ.

Onípaadi: Choke ti ṣiṣẹ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ pad, ohùn ń pẹ́ kó tó jáde.

Kọ́ńgọ́: Buffer ni (iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde). 1024 ní 44.1 kHz tó 23 ms. 128 kò ju 3 ms lọ. Bí ohùn bá ń ta pàrà ní 128, lo 256. Bó bá jẹ́ pad kan ṣoṣo ló ń pẹ́, òfìfo ló wà níbẹ̀rẹ̀ fáìlì rẹ̀: gé e kúrò.