Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí kọ̀ǹpútà sọ nígbà tí ìpín méjì kò bá ṣeé sọ di ọ̀kan

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo ti fara balẹ̀ ka àbá tí ẹ gbé síwájú wa lórí bí a ó ṣe fi Yorùbá kọ ìkìlọ̀ tó máa ń jáde nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ sọ ìpín méjì lórí hard disk di ọ̀kan, tí NTFS (ètò fáìlì Windows, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà to fáìlì sórí disk) inú ìpín kan sì jẹ́ ti àtijọ́ ju ti èkejì lọ. Àbá náà kà báyìí: “Ẹ̀dà ètò fáìlì àwọn ìpín wọ̀nyí kò bára mu, a kò lè dà wọ́n pọ̀.” Gbólóhùn náà já gaara, kò sì gùn jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tó lè mú kí ẹni tó kà á pàdánù fáìlì rẹ̀, ìdí sì nìyí tí n kò fi lè fọwọ́ sí i. “Ìpín” kò ní wàhálà kankan ní tirẹ̀. A pín hard disk, ohun tí a rí níbẹ̀ sì ni ìpín.

“Ẹ̀dà”, tí ẹ fi túmọ̀ “version”, ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Lẹ́nu wa lónìí, ẹ̀dà ni ohun tí a dà kọ láti ara òmíràn. Ẹni tó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ fọ́tókọ́pì, ẹ̀dà ló lọ ṣe. Bí kọ̀ǹpútà bá wá sọ fún ẹni tó ní ìpín C àti ìpín D pé ẹ̀dà wọn kò bára mu, kí ni kò ní jẹ́ kí ó rò pé ẹ̀dà C ni D jẹ́, kí ó sì pa ọ̀kan rẹ́ kí iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú? Ètò kan náà yìí ló tún gbọ́dọ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjì lójú fèrèsé kan ṣoṣo.

Àwọn kan nínú wa ti dámọ̀ràn “ẹ̀yà” dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é. Ẹ̀yà ètò fáìlì kan ni FAT32, ẹ̀yà mìíràn ni NTFS, ẹ̀yà mìíràn tún ni ext4 tí àwọn tó ń lo Linux mọ̀. Àṣẹ convert inú Windows lè yí ìpín kan kúrò ní FAT32 sí NTFS láìpa fáìlì inú rẹ̀ rẹ́. Ìyípadà ẹ̀yà nìyẹn. Gbígbé NTFS 1.2 lọ sí 3.0 kì í ṣe irú rẹ̀, nítorí NTFS ṣì ni méjèèjì.

Ohun tí mo fara mọ́ ni “ìran”, ìtàn NTFS fúnra rẹ̀ ló sì mú mi yàn án. Windows NT 3.1 ló gbé NTFS jáde ní ọdún 1993. Nígbà tí Windows NT 4.0 dé ní 1996, 1.2 ló ń lò. Windows 2000 mú 3.0 wá pẹ̀lú ààlà lórí iye àyè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè lò àti fífi fáìlì pamọ́ lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Windows XP sì mú 3.1 wá ní 2001, èyí tí a ṣì ń lò títí di Windows 11. Bí ọmọ ṣe ń mọ ìtàn bàbá rẹ̀, tí bàbá kò sì mọ ohun tí ọmọ yóò dà, bẹ́ẹ̀ ni Windows 2000 ṣe ń ka 1.2, tó sì ń gbé e dé 3.0 fúnra rẹ̀, nígbà tí NT 4.0 kò lè ka 3.0 àfi bí wọ́n bá fi àkójọ àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Service Pack 4 kún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìran tó wà lọ́dọ̀ òun lè tẹ fsutil fsinfo ntfsinfo C: sínú fèrèsé àṣẹ, kí ó sì wo ìlà tí wọ́n kọ NTFS Version sí. Kí a ṣáà rí i pé ẹ̀gbẹ́ NTFS ni “ìran” ń dúró nígbà gbogbo, torí pé Windows NT 3.1 àti NTFS 3.1 jìnnà síra gan-an. Ní ti àwọn tó ń bẹ̀rù pé a ó ṣì í mú fún ìran tí à ń wò, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ti yanjú ìyẹn.

“Dà pọ̀” ńkọ́? Ohun tí a bá dà pọ̀ kì í ṣeé ṣà lọ́tọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ètò tí wọ́n fi ń tún ìpín ṣe, bíi PartitionMagic, kò da fáìlì ìpín méjì rú. Ó ń kó gbogbo ohun tó wà nínú ìpín kan sínú fódà kan lórí èkejì, ààlà àárín wọn sì parẹ́. “Sọ di ọ̀kan” ló bá iṣẹ́ yẹn mu. “So pọ̀” tí àwọn mìíràn mẹ́nu bà ní tirẹ̀ wúlò fún nǹkan mìíràn: láti ìgbà Windows 2000 ni a ti lè so ìpín kan mọ́ fódà òfìfo lórí ìpín NTFS mìíràn, tí a ó máa gba inú fódà náà wọlé sí i, ṣùgbọ́n tí ìpín méjèèjì ṣì dá dúró pẹ̀lú ìran tiwọn. Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ìpín àtijọ́ rárá, ìsopọ̀ ló ń wá.

“Kò bára mu” tún le jù. Ìdájọ́ ìkẹyìn ló jọ létí mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣì ní àtúnṣe. Nítorí náà, àbá tèmi nìyí: “Ìran NTFS inú ìpín méjèèjì kò tíì dọ́gba. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì yín síbòmíràn, kí ẹ sì gbé ìpín tí ìran rẹ̀ kéré sókè, kí ẹ tó sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìpín tí a bá ti gbé sókè kò ní ṣeé dá padà.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó ṣì ń tan NT 4.0 lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Lórí bọ́tìnì tí àyè kò ti tó, “Sọ di ọ̀kan” àti “So mọ́ fódà” yóò ṣe.