Owó ilẹ̀kùn títọ́ ni mo gbà lórí ògiri wíwọ́

Ẹ̀yin káfíńtà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí bí a ṣe ń dá owó lé iṣẹ́. Lọ́dún 2024, màmá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pè mí sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wọn kọ́ sí ìsàlẹ̀ Òkè Màpó n'Íbàdàn. Ẹlòmíràn ti gbé ilẹ̀kùn tuntun kọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi ni architrave, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo àlàfo àárín férémù àti ògiri, pẹ̀lú skirting tí yóò yí ẹsẹ̀ ògiri ká. Igi màsóníà ni. Wọ́n ti rà á sílẹ̀ ní ọjà pákó Bódìjà.

Mo rìn yí ilé náà ká fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo ka ẹnu ọ̀nà mọ́kànlá, mo fi tépù wọn gígùn ògiri, mo sì dá iye lé e lórí ìdúró: ₦15,000 fún ọ̀nà kan, tinú-tẹ̀yìn, àti ₦120,000 fún gbogbo skirting. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦285,000. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo rò pé èmi àti ọmọ méjì máa fi parí ẹ̀. Màmá ò ná mi rárá. Wọ́n kàn ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ ṣá bá mi ṣe é kó dára, torí àwọn ọmọ ń bọ̀ wá ṣe ìrántí bàbá."

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ló là mí lójú. Ilé amọ̀ ni, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lórí, ojú lásán sì ni ẹni tó rẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Lápá òsì, férémù yọ síta ju ògiri lọ. Lápá ọ̀tún, ògiri ló yọ ju férémù lọ. Nígbà tí mo gbé architrave lé e, ìka mi wọ ẹ̀yìn rẹ̀ dé oríkèé. Igi méjì tí mo gé ní igun 45, tí wọ́n pàdé bí ètè lórí tábìlì, bí wọ́n ṣe dé ara ògiri yẹn ni wọ́n lanu sílẹ̀.

Níbi tí férémù ti yọ, mo la pákó tó nípọn bíi bírò, mo tì í sẹ́yìn architrave kó má baà mì. Níbi tí ògiri ti yọ, a fi síṣẹ́ẹ̀lì họ sìmẹ́ńtì kúrò, amọ̀ abẹ́ ẹ̀ sì ń dà wálẹ̀ sórí wa. Tí igi bá wá fẹ́ kan ògiri mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, n óò gbé e dúró gbọnrangandan, n óò mú pẹ́ńsù mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, n óò máa wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ lára ògiri kí pẹ́ńsù lè ya gbogbo wíwọ́ rẹ̀ sára igi. Ìfági ló kù. N óò fá a díẹ̀, n óò gbé e wò, n óò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n óò tún fá a. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi pe ìrun Alásárì, ọ̀nà kan àti ààbọ̀ la ṣe.

A ò tíì dé pálọ̀ o. Méjì nínú ọ̀nà mọ́kànlá yẹn, orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, mo sì ti kà wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn yòókù. Igi gbígbẹ kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ńṣe la gé pákó fífẹ̀ sí wẹ́wẹ́, márùn-ún fún orí kọ̀ọ̀kan, tí a tò wọ́n bí eyín, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, tí a wá fi ìfági àti sáńpépà fa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Bí ìdajì pákó yẹn ló di igi ìdáná. Pákó tán. Nígbà tó sì jẹ́ pé èmi ni mo sọ pé èyí tí màmá rà máa tó, owó mi ni mo fi ra ìyókù.

Ọjọ́ mẹ́fà di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. ₦8,000 ni mò ń san fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦272,000. Ó ku ₦13,000 fún èmi tí mo gba iṣẹ́, mi ò sì tíì yọ owó ọkọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ àti pákó kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, màmá gbé àmàlà wá fún wa, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ṣé owó yín ò ti wọlẹ̀ báyìí?" Mo sọ òótọ́. Wọ́n fi ₦40,000 kún un. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé: "Ẹ̀yin lẹ ò sọ fún mi pé ògiri mi wọ́. Ká ní ẹ sọ ni, ǹ bá ti pe bíríkìlà kí ẹ tó dé." Òótọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni bíríkìlà ì bá fi tọ́ ohun tí mo fi ìfági bá jà fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní báyìí, mo ń gba ₦10,000 láti wá wo iṣẹ́, mo sì ń yọ ọ́ kúrò tí wọ́n bá gbé e fún mi. Àpò mi ni architrave kúkúrú méjì tí mo ti gé ní 45 máa ń wà. Mo ń gbé wọn lé igun òkè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lójú oníbàárà. Ibi tó bá lanu, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ibi tó tọ́, mo ní iye ilẹ̀kùn kan. Ibi tó wọ́, iye ọjọ́ ni mò ń tà, àyàfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ pe bíríkìlà. Ibi tó tẹ̀ ní owó tirẹ̀ àti pákó tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé mo ti wọ́n jù, àwọn kan sì ń lọ. Ó máa ń dùn mí, àmọ́ mi ò jí lóru ṣírò gbèsè mọ́.

*

Káfíńtà lèmi náà, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣe tèmi, nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria. Ẹ má fi mítà dá owó lé skirting níbẹ̀ láé. Yàrá onígun mẹ́rin ni ẹ rò pé ẹ wọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yáná láyé ìjọ́un fi igun mẹ́rin kún un, fèrèsé tó yọ síta fi mẹ́rin mìíràn kún un. Ó di méjìlá, kò sì sí èyí tó bára mu. Igun ni mò ń kà. Ní igun inú, mi ò ń gé méjèèjì ní 45 mọ́: mo ń ti ọ̀kan pa mọ́ ògiri, mo wá ń gbẹ́ ẹnu èkejì kó gun orí ẹ̀ bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀kan máa ń gbà mí. Ará ìjọ wa kan bínú nígbà tí mo sọ iye. Mo ní kó wá jókòó tì mí ní igun kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ṣe é tán, ó lọ gbé tíì wá.

*

Oníbàárà lèmi, mi ò mọ ìfági yàtọ̀ sí ayùn. Káfíńtà mẹ́ta ló dá owó lé ilé mi l'Ábẹ́òkúta. Àwọn méjì pe iye kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kẹta fi wákàtí kan wò ó, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá àlejò, ó ní kí n fi ojú mi wo igun tó máa yọ wá lẹ́nu. Òun ló wọ́n jù. Òun ni mo gbé e fún, torí pé ó jẹ́ kí n mọ ohun tí owó mi fẹ́ lọ ṣe. Ṣọ́ọ̀kì tó fi sàmì sí ògiri yẹn ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà.