Àtẹ̀tú ni mo fara mọ́: lórí orúkọ kúlọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí: kí ni ká máa pe kúlọ́ọ̀ṣì ọkọ̀, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì tó sì ń tú wọn nígbà tí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ní Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ olùkọ́ èdè mú "ìdìmú" wá, nítorí pé ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń sọ ní ìpilẹ̀ nìyẹn: kí ènìyàn ká ìka pọ̀, kó fi di nǹkan mú. Ẹlòmíràn ní "ẹ̀rọ ìsopọ̀". Ẹnì kẹta, tó ní iṣẹ́ awakọ̀ lòun ń ṣe, ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, pé kúlọ́ọ̀ṣì ti di Yorùbá tipẹ́. Mo dákẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Kúlọ́ọ̀ṣì gan-an ni mo ń pààrọ̀, nínú gáréèjì ilé mi níhìn-ín ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ojú mi sì rí nídìí rẹ̀ ló jẹ́ kí n lẹ́nu ọ̀rọ̀ lónìí.

Ọkọ̀ náà ni MGB GT ọdún 1972, ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Ìlú Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe MGB láti 1962 títí di 1980, èyí tí wọ́n ṣe sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ọkọ̀ tó bá ti ju ogójì ọdún lọ báyìí, tí wọn kò sì yí i padà púpọ̀, ìjọba ilẹ̀ yìí kì í fi dandan lé àyẹ̀wò ọdọọdún fún un mọ́, ọwọ́ ẹni tó ni ín ni àlàáfíà rẹ̀ wà. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bákan lórí òkè. Ẹ́ńjìnnì á máa ké sókè, ọkọ̀ ò ní yára sí i.

Ní ìsọ̀ àbúrò bàbá mi ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti máa ń bá wọn gbé sípánà nígbà tí mo wà ní kékeré, gbólóhùn kan péré ni wọ́n ní fún irú èyí: "Kúlọ́ọ̀ṣì ń yọ̀." Bí gíà bá ń ké nígbà tí wọ́n fẹ́ kì í bọ̀ ọ́, wọ́n á ní, "Kò tú." Bí òórùn bá ń jáde, "Ó ti jó." Bí ọkọ̀ bá fò síwájú lójijì, "Ó ti gbá a mú jù." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Orúkọ nìkan ni wọ́n yá. Gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ń sọ àìsàn rẹ̀ àti ìwòsàn rẹ̀, ti bàbá wa ni. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ, kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó ń dun ènìyàn nínú MGB ni pé gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í gba ìsàlẹ̀ jáde bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí àwo kan tí ìbú rẹ̀ kò ju ìǹṣì mẹ́jọ lọ, mo tú bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fa omi rédíétọ̀, mo tú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, mo tú kábúrétọ̀ méjèèjì àti páìpù èéfín, mo sì so bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kí n má bàa gbàgbé ibi tó ti wá. Mo háyà kirénì kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì, mo fi jáàkì gbé ìdí gíábọ́ọ̀sì.

Ó wá ku àwọn bóòtù tó so ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì pọ̀. Ìdajì ìǹṣì ni orí wọn, nítorí pé ìwọ̀n àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yìí. Sípánà 13 ló wà lọ́wọ́ mi. Ní Mókọ́lá, nọ́ńbà ni à ń pe sípánà: "gbé 13 wá", "fún mi ní 17", mílímítà ni gbogbo rẹ̀. Ìdajì ìǹṣì jẹ́ mílímítà 12.7, nítorí náà 13 wọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ tú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkẹrin wà lókè, níbi tí ojú kò tó, tí ìka méjì péré lè dé. Bí mo ṣe fi agbára sí i, sípánà yọ̀ lórí rẹ̀. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ kí etí mi tó gbọ́: igun orí bóòtù ti jẹ. Wákàtí mẹ́rin ni mo lò nídìí bóòtù kan yẹn, tí mo ń fi ayùn pẹlẹbẹ gbẹ́ igun tuntun sí i díẹ̀díẹ̀, kí n tó fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdajì ìǹṣì wọ̀ ọ́, kó tó gbà.

Bí "ìdìmú" ṣe rí lára mi nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Ó ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ibi tó le la ó dé tí a ó fi mọ̀ pé ó fi díẹ̀ tóbi jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì jáde. Mo mú aṣọ tútù nu eruku inú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mi ò fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí pé àwo àtijọ́ lè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, èyí tí ilẹ̀ yìí fòfin dè pátápátá ní 1999. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni fuláwíìlì wà, irin bìrìkìtì tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Àwo wà níwájú rẹ̀, ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì ló gun àárín àwo náà. Irin kẹta, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní puréṣọ̀, ni wọ́n fi bóòtù mẹ́fà dè mọ́ fuláwíìlì. Sípíríǹgì tó wà nínú rẹ̀ ló ń ti àwo náà mọ́ fuláwíìlì tọ̀sán-tòru, bí ọkọ̀ ń lọ, bí ọkọ̀ dúró. Ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan kó tó dì í mú. Ìgbà tí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni òrùka kan á ti àárín sípíríǹgì náà sínú, etí rẹ̀ á gbéra, àwo á sì bọ́.

Nítorí náà ìdìmú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n wa kò ṣì í pátápátá. Puréṣọ̀ ni ìdìmú. Mo fẹ́ ká fún un lórúkọ yẹn, torí iṣẹ́ tó ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé a fẹ́ fi orúkọ irin kan pe gbogbo ilé, ká tún fi pe ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé.

Lórí òrùka tí mo sọ yẹn, ẹnìkan nínú wa dábàá "bọ́ọ̀lù ìtú", nítorí pé bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló wà nínú bẹ́ríǹ (bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń pe òrùka náà) tó mọ̀. Nínú MGB, kò sí bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀. Òrùka dúdú kan ni, bí èédú tí wọ́n gbẹ́, ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí rẹ̀. Bí a bá fi ohun tí wọ́n fi ṣe é pè é, orúkọ náà á di irọ́ nínú ọkọ̀ mìíràn. "Òrùka ìtì" ni màá pè é: òrùka ni nínú ọkọ̀ gbogbo, títì ló sì ń tì.

Tèmi, òróró ló ti ba àwo náà jẹ́, sílì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Mo pààrọ̀ sílì, àwo, ìdìmú àti òrùka ìtì. Mo rò pé iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ parí. Àṣé ibẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ́ńjìnnì fi rọ̀ sórí kirénì, ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì kò wọ àárín àwo. Ó máa ń kù bí ìbú ìka kan, á dúró gbọnin. Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n fi bóòtù fà á wọlé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni bá ṣe bẹ́ẹ̀ á tẹ àárín àwo tuntun ni. Mo fà á jáde, mo dẹ bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tún fi igi tí mo gbẹ́ yíká mú àwo náà dúró ní àárín gangan. Nígbà tí mo gbé e padà, ó wọlé pẹ̀lú ohùn kékeré kan, bí ìgbà tí ìlẹ̀kùn tó dára bá pa dé. Mo jókòó sórí táyà, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbà tí a fẹ́ lé atẹ́gùn jáde nínú páìpù òróró kúlọ́ọ̀ṣì ni mo pe ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, pé kó wá jókòó síbi ìwakọ̀. Ìhín ni wọ́n bí i, Yorùbá ni mo sì ń bá a sọ nínú gáréèjì. Mo ní kí n lo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, ká lè mọ bó ṣe máa rí lẹ́nu. Láti abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti ké sí i pé:

"Tẹ ìdìmú!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, ṣé ó ti dì í mú báyìí?"

Mo ní, "Rárá, ó ti tú u sílẹ̀ ni."

"Kí n tó tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Ó dì í mú."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n máa tẹ̀ ẹ́ àbí kí n má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ sir?"

Ọmọ náà kò ṣe àwàdà. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ló sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń di nǹkan mú, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òdìkejì. Ibẹ̀, lábẹ́ ọkọ̀, ni "àtẹ̀tú" ti wá sí mi lọ́kàn: ohun tí à ń tẹ̀ kó lè tú. A ní irú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀, àlòkù, àjẹkù: ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó tẹ̀lé ara wọn bí iṣẹ́ náà ṣe tẹ̀lé ara rẹ̀. Mo ní, "Tẹ àtẹ̀tú, kó o mú un dání." Kò bi mí ní ìbéèrè kankan.

Àwọn baba wa tó sọ ọkọ̀ ní ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, tí wọ́n gbọ́ ohùn alùpùpù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, wọn kò bi Gẹ̀ẹ́sì léèrè ohun tó ń pè wọ́n. Ìṣe nǹkan náà lójú ẹni tó ń lò ó ni wọ́n wò. Ó sì dára ká rántí pé èdè mìíràn náà kò fara mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí eléyìí. Jámánì ń pè é ní Kupplung, ohun tó so nǹkan pọ̀. Faransé ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, embrayer fún síso àti débrayer fún títú, nítorí náà ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe ní orúkọ tirẹ̀.

Èyí ni mo fi fẹ́ dá awakọ̀ wa lóhùn. Mi ò ní sọ fún mẹkáníìkì kankan pé kó yéé pe kúlọ́ọ̀ṣì, mo gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní Kétu, Pobè àti Ìdàáṣà, ní orílẹ̀-èdè Benin, ńkọ́? Faransé ni wọ́n fi kàwé, embrayage ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá kọ kúlọ́ọ̀ṣì sínú ìwé Yorùbá tí gbogbo wa máa kà, a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Àtẹ̀tú, wọ́n á lóye rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé.

"Ẹ̀rọ ìsopọ̀" kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Kí ni kì í ṣe ẹ̀rọ láyé òde òní, kí sì ni kì í so nǹkan pọ̀?

Mo ti gbọ́ àtakò méjì sí àtẹ̀tú láàárín àwọn tí mo fi hàn. Èkíní ni pé ó fẹ́ jọ tẹ̀tú, àwọn tó ń bẹ́ orí láàfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, pàápàá bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá fi àmì sí i. Òótọ́ ni, àmọ́ a ń kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó jọra ju èyí lọ lójoojúmọ́, gbólóhùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkejì wúwo jù: bọ́tìnì bẹ́líìtì ọkọ̀ náà, ṣebí à ń tẹ̀ ẹ́ kó lè tú ni? Mo ro eléyìí fún ọjọ́ mẹ́ta. Èsì mi ni pé kẹ̀kẹ́ náà ń yọ́ lọ, ológbò ń yọ́ lọ, síbẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló jẹ́ ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun tí àwọn ènìyàn bá kọ́kọ́ fi orúkọ náà pè tí wọ́n sì ń pè é lemọ́lemọ́ ló máa ń jogún rẹ̀.

Ẹ fi ẹnu yín dán an wò: "Àtẹ̀tú ń yọ̀." "Àtẹ̀tú ti jó." "Mo tẹ àtẹ̀tú, kò tú." "Má gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀tú bí o kò bá fẹ́ yí gíà." Èyí tó kẹ́yìn yẹn, àbúrò bàbá mi ìbá fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ takisí títí ohùn rẹ̀ fi ń ha.

Ó ku ohun kan tí mo ń wá. Ọ̀pá tó ti inú gíábọ́ọ̀sì wá tó ń wọ àárín àwo, èyí tó dá mi dúró fún ọjọ́ méjì, kò tíì ní orúkọ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Kétu tàbí ní Ìdàáṣà, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè kí wọ́n máa ń pè é nígbà tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá láàárín ara wọn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.