Pikọ́ọ̀pù tó ń jẹ táyà: kí lojú tiyín ti rí?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mo ń kó láti ọjà Olúwo lọ sí Ìkòròdú, ọ̀nà Ìtóìkín ni mo máa ń gbà. Hilux tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ń tì ni mo ń wà. Mo ra táyà tuntun 4 lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní mo ti sinmi. Kò pé oṣù 8 tí tiwájú fi dán létí, tẹ̀yìn sì ń bẹ bó ṣe wà. Mo ra 2 míì síwájú. Ìyẹn náà tún jẹ.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni bàbá fọganáísà kan dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, iwájú ló ń yí kọ́ńà, òun ló sì ru ẹ́ńjìnnì. O wá fi táyà kan ṣoṣo síbẹ̀ títí tó fi kú."

Kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì kankan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bí etí méjèèjì bá jẹ, afẹ́fẹ́ ò tó. Bó bá jẹ́ àárín ló jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ etí kan, àláìmẹ́ńtì ni, ìyẹn ni pé táyà ò dúró gún mọ́. Tèmi, etí inú ló jẹ jù. Wọ́n lé mi lọ ṣe àláìmẹ́ńtì ná, torí bí a bá kàn gbé táyà yẹn sẹ́yìn, èyí tó bá bọ́ sípò rẹ̀ yóò jẹ bákan náà. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù, torí owó táyà mẹ́rin ni mo ti fi ṣòfò.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń yí táyà nípò, kí gbogbo wọn lè jẹ dọ́gba: tẹ̀yìn ọ̀tún wá síwájú lọ́tùn-ún, tẹ̀yìn òsì wá síwájú lósì. Tiwájú ló ń ré kọjá: ti ọ̀tún lọ sẹ́yìn lósì, ti òsì lọ sẹ́yìn lọ́tùn-ún. Mo ń ṣe é fúnra mi báyìí ní 8,000 kìlómítà sí ara wọn. Màá fa háńbíréèkì, màá fi òkúta dí táyà, màá dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí n tó fi jáàkì gbé e. Bí mo bá ń de nọ́ọ̀tì padà, èyí tó kọjú síra ni mo ń mú, mi ò kì í yí i po. Lẹ́yìn náà ni màá tún géèjì wọn, torí iye tí wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ fún iwájú lè yàtọ̀ sí tẹ̀yìn.

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Èmi ré táyà tó ní àmì ọfà (tó ń fi ibi tó yẹ kó máa yí sí hàn) kọjá, ó wá ń yí sẹ́yìn. Òjò bá mi lọ́nà Ṣágámù, ọkọ̀ ń yọ̀ lórí omi, àyà mi já. Irú táyà bẹ́ẹ̀, iwájú sí ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà ni. Mo tún gbàgbé láti fún nọ́ọ̀tì mọ́ra lẹ́yìn tí mo ti rìn díẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ "gbọ̀, gbọ̀", nínú 6, ó ti ku 4. Bí mo bá ti rìn tó 80 kìlómítà báyìí, mo máa ń dúró láti fún wọn mọ́ra.

Ìyá Onígàrí:
Ẹ̀yin ọmọ mi, sípíà, táyà tó wà lábẹ́ ọkọ̀, ńkọ́? Ọjọ́ tí táyà wa kan ya, wáyà tó so sípíà náà ti dípẹtà, kò rọ̀ wálẹ̀. Nígbà tá a gé e, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ parí sí 1412: ọ̀sẹ̀ 14 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Ó ti sán káàkiri láìrìn rí. Mo ti ra òmíràn. Ṣé a lè fi kún àwọn táyà tí à ń yí nípò?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá, bí ìwọ̀n àti irú rẹ̀ bá bá àwọn yòókù mu, tí kò sì ní ọfà. Ẹ gbé e sẹ́yìn lọ́tùn-ún, kí tiwájú òsì wọ abẹ́ ọkọ̀ dípò rẹ̀. Kí ẹ sì fi gíríìsì pa wáyà yẹn.