Ta ló ti ju iṣẹ́ sí live (sáìtì gan-an tí oníbàárà ń lò) nígbà tó rò pé orí test (ẹ̀dà tí a fi ń dán iṣẹ́ wò) lòun wà?

Ọmọ Ajílété: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń ṣe sáìtì. Ẹ sọ tiyín, tèmi rèé. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì lọ́nà Tákìé gbé sáìtì fún mi ṣe. Kí n lè dán ìsanwó wò, mo sọ gbogbo aṣọ di náírà 1 lórí test. Ó ṣiṣẹ́ geere. Ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ lọ sí live, àti kóòdù àti database (ibi tí iye ọjà àti orúkọ oníbàárà ń gbé). Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ jẹ àmàlà. Kí n tó ṣan ọwọ́, wọ́n ti pè mí nígbà 9. Ènìyàn 7 ti ra òfì ní náírà kọ̀ọ̀kan. Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé ogún bàbá rẹ lò ń pín ni?"

Kòfẹ́gbọ́: 😂😂 Ẹ fún mi ní líǹkì.

Ìyá Oníkóòdù: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Database tí o kó yẹn ló bà á jẹ́. Kóòdù ló ń ti test lọ sí live. Dátà, ohun tó wà nínú database, kì í bá a lọ; live ló ti ń wá sí test, o sì gbọ́dọ̀ pa nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà rẹ́ kí o tó lò ó. Èmi ò pa tèmi rẹ́. Sáìtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni. Mo ń dán àtẹ̀jíṣẹ́ wò ní aago méjì òru, ènìyàn 214 gba "Ẹ rántí gbèsè yín o." Alága wà níbẹ̀.

Under G Bọ̀ọ̀sì: Yéè! Kí ni alága wí, mà?

Ìyá Oníkóòdù: Ó san án láàárọ̀. Ó jẹ gbèsè lóòótọ́.

Kòfẹ́gbọ́: Mo kú 😂

Jẹnẹrétọ̀ Sábó: Iná ni wàhálà tèmi. Mo ń fi FileZilla, ètò tó ń gbé fáìlì láti kọ̀ǹpútà lọ sórí sáìtì, gbé fáìlì lọ, ó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n mú iná lọ. Sáìtì wá di ààbọ̀ tuntun, ààbọ̀ àtijọ́, ojú ẹ̀ funfun báláú. Ní báyìí, fódà tuntun ni mo ń kó o sí. Tó bá pé tán, mo yí symlink (atọ́ka tó ń sọ fódà tí sáìtì máa lò) sí i. Tó bá sì burú, mo dá a padà sí ti àná lójú ẹsẹ̀.

Under G Bọ̀ọ̀sì: Hosting (ibi tí a háyà fún sáìtì) olówó pọ́ọ́kú tèmi ò gba symlink.

Jẹnẹrétọ̀ Sábó: Di í ní zip (ká fún gbogbo fáìlì pọ̀ di ọ̀kan), gbé fáìlì kan ṣoṣo lọ, kí o wá tú u nínú cPanel, ojú ìwé tí a fi ń ṣàkóso hosting.

Àgbà Òṣìṣẹ́: Sáìtì olójú ewé 5, kí ló fẹ́ fi test ṣe? Orí live ni mò ń ṣe tèmi láti ọjọ́ yìí, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìyá Oníkóòdù: "Kò tíì" yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọ̀mọ̀wé Òru: Náírà 7 lẹ̀ ń pariwo lé! Knight Capital, ilé-iṣẹ́ tó ń ra ṣíà tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹjọ 2012: server (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ náà) 8 ni wọ́n ní, wọ́n gbé kóòdù tuntun sórí 7, wọ́n gbàgbé ọ̀kan. Kóòdù àtijọ́ jí dìde lórí ìkẹjọ, ó ń ra ṣíà, ó ń tà á bíi wèrè. Láàárín ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní mílíọ̀nù 400 dọ́là ti lọ.

Olóko Káṣú: sk_test (kọ́kọ́rọ́ ìdánwò) ti Paystack, àwọn tó ń bá wa gba owó lórí sáìtì, ni mo fi sílẹ̀ lórí live ní tèmi. Ọjọ́ 3 gbáko, káàdì gbogbo ènìyàn ń kọ̀, mo ń bú báńkì. Inú .env (fáìlì tí a ń kó irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ sí) ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé báyìí, test ní tiẹ̀, live ní tiẹ̀.

Àgbà Òṣìṣẹ́: Àwọn 7 yẹn ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n gba aṣọ wọn. Wọ́n ti sanwó.

Olóko Káṣú: Owó wo? Ta ló ń ta òfì ní náírà kan? Ojúkòkòrò ni.

Àgbà Òṣìṣẹ́: Ẹni tó kọ iye sára ọjà ló tà á.

Ọmọ Ajílété: Ẹ má jà. Ẹni 6 ti gba náírà wọn padà. Àbúrò màmá ni ìkeje. Ó ti lọ gbé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó mọ̀, ó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.

Kòfẹ́gbọ́: Líǹkì tí mo ní kí ẹ fún mi dà?