Ó lé lọ́dún 15 ní yàrá káàdì: ṣé kí n yáwó lọ kọ́ digital transformation, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà yí iṣẹ́ padà?

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Yàrá káàdì ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti 2009. Èmi ni mò ń ṣí káàdì fún aláìsàn, èmi ni mò ń wá fáìlì lórí pẹpẹ. Tí oṣù bá parí, mo máa ka iye aláboyún àti iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, màá wá tẹ̀ ẹ́ sínú DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba fi ń kó iye ọ̀rọ̀ ìlera jọ.

Ní 2019, àwọn ọ̀gá wa ra ètò kọ̀ǹpútà tuntun. Wọ́n fi ọjọ́ méjì kọ́ wa, nígbà tó di ọjọ́ kẹta wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé mọ́. Ètò yẹn kì í ṣí káàdì fún ẹni tí kò bá ní ọjọ́ ìbí. Ìyá arúgbó tó ti abúlé wá, tó jẹ́ pé ìgbà ogun Hítílà ni wọ́n sọ fún un pé wọ́n bí i, kí la fẹ́ kọ? 1 January la ń kọ fún gbogbo wọn. Kó tó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Sàdíátù mẹ́rin ti ní ọjọ́ ìbí kan náà, dókítà sì ń ka fáìlì ẹlẹ́jẹ̀ ríru fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Nọ́ọ̀sì ló tètè rí i, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a padà sídìí ìwé.

Mo wá ra ìwé kékeré kan. Mo ń kọ orúkọ agbolé, orúkọ àkọ́bí, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó mú wọn wá. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Ìwé yẹn la fi ń mọ Sàdíátù kan yàtọ̀ sí èkejì títí dòní.

Mo fẹ́ di ẹni tó ń darí irú ìyípadà yìí. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ń polówó kọ́ọ̀sì olóṣù mẹ́jọ lórí rẹ̀. Dọ́là ni owó rẹ̀, ó ju owó oṣù mi ọdún kan lọ. Ẹni ọdún 42 ni mí, mi ò mọ kóòdù kọ. Ṣé kí n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú l'Ékòó:
Àǹtí mi, ẹ má tíì yáwó. Kaṣíà báǹkì ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí CBN bẹ̀rẹ̀ ètò cashless l'Ékòó ní 2012, láti dín lílo owó ọwọ́ kù, mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. BVN dé ní 2014, wọ́n ní kí n dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Àwọn aláta àti bíríkìlà ń wá, ẹ̀rọ ò rí ìlà kankan ní ìka wọn, iṣẹ́ ti pa á rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sílẹ̀: irú iṣẹ́ wo, ìka wo ló máa ń gbà nígbà tí àtàǹpàkò bá kọ̀. Ìwé yẹn ló gbé mi kúrò ní káńtà.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo lọ kọ́ change management, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń mú àwọn òṣìṣẹ́ la ìyípadà kọjá. Wọ́n kọ́ wa ní ADKAR: kí èèyàn mọ ìdí tí nǹkan fi ń yí, kó fẹ́ ẹ, kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè ṣe é lóòótọ́, kí wọ́n sì dúró tì í kó má padà sẹ́yìn. Ẹ wò ó, nínú márùn-ún yẹn, ìkẹta nìkan ni wọ́n ṣe fún yín, ọjọ́ méjì péré.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham:
Nọ́ọ̀sì ni mí nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín o, ìjọba ibí gan-an jìn sí kòtò yẹn. Ní 2002 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà fún gbogbo NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní England, ní 2011 wọ́n kéde pé àwọn máa tú u ká, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù pọ́n-ùn ti wọlé sí i. Dókítà Robert Wachter láti Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2016, ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn kí wọ́n lè máa darí ìyípadà náà fúnra wọn. Ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè ní NHS Digital Academy tẹ̀ lé e. Kì í ṣe kóòdù ni wọ́n lọ kọ́ níbẹ̀, Àǹtí. Irú ọ̀rọ̀ Sàdíátù yín ni.

Atẹ́wọ́lara:
Mi ò ní bá yín gbé sátífíkéètì sọnù. Èmi ní ìrírí, mi ò ní ìwé, wọn kì í pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rárá. Ẹ kọ́ ọ, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó: DHIS2 ní kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì ti ń lò ó lóṣooṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé kékeré yẹn dà? Nọ́ńbà fóònù aláìsàn ló wà níbẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 kan ìwé náà.

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá:
Orí tábìlì ló máa ń wà. Lọ́la ó máa wọ dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ti ọ̀fẹ́ yẹn báyìí, àwọn ìbejì ló bá mi ṣí i. Owó alájẹṣẹ́kù dúró ná. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ojú ìwé mélòó lẹ kọ, ta lẹ sì kọ́kọ́ fún?

Ọmọ Ìjẹ̀bú l'Ékòó:
Ojú ìwé méjì, Àǹtí. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ni mo fún, kò dá mi lóhùn. Lóṣù kejì mo tún un kọ, mo fi iye èèyàn tí a dá padà lọ́jọ́ kan sí orí ìlà àkọ́kọ́. Ọjọ́ yẹn ló pè mí. Ẹ lọ ka iye Sàdíátù tí ẹ ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ.