Ẹ gbà mí o: kí ni kí n ṣe sí kòkòrò orí ata rodo mi?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lórí ata rodo tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé ni mo ti rí kòkòrò kan láàárọ̀ yìí. Àwọ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ewé, ọrùn rẹ̀ gùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sáyà bí ẹni ń gbàdúrà. Ibi tí mo bá gbà, ibẹ̀ ló ń yí orí sí. Nǹkan kan tún lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka ata ọ̀hún, ó dà bí ìfófó ọṣẹ tó gbẹ. Ọta-píápíá ti wà lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ ni ò jẹ́ kí n fín in. Ṣé ó lóró ni?

Tíṣà Báyọ̀: Ẹ gbé ọta-píápíá yẹn sílẹ̀, ìyá wa. Praying mantis ni òyìnbó ń pè é. Kò lóró, kì í ta. Bí ẹ bá gbá a mú, ẹ̀gún ọwọ́ rẹ̀ lè gún yín díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdúrà kọ́ ló ń gbà o, ó ń dọdẹ ni. Eṣinṣin tó bá sún mọ́ ọn, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti há sáàárín ẹ̀gún, á sì máa jẹ ẹ́ lóòyẹ̀. Inú ìfófó yẹn ló yé ẹyin sí.

Ọmọ Àgbẹ̀: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má fi ṣe ọlọ́dẹ oko o. Kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ìdí òdòdó ẹ̀gúsí mi ló máa ń lúgọ sí, oyin tó bá bà síbẹ̀ ló ń pa jẹ. Ìbátan aáyán ṣáà ni.

Ìyá Ìbejì: Hà! Mo ti gé ẹ̀ka ẹlẹ́yin yẹn sínú ìgò, mo dé e pa. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ wo bó ṣe máa pa. Kẹ́hìndé tún ní ẹyinjú dúdú kan nínú ojú kòkòrò náà ń tẹ̀ lé òun káàkiri.

Tíṣà Báyọ̀: Ẹ tètè ṣí i! Ọmọ inú rẹ̀ lè lé ní 100, tí wọn ò bá rí nǹkan jẹ, ara wọn ni wọ́n máa jẹ. Ẹ so ẹ̀ka náà mọ́ igi mìíràn, ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Wọn kì í kọ́kọ́ ṣe ìdin bíi ti labalábá: bí wọ́n ṣe ń jáde ni wọ́n ti jọ ìyá wọn, ìyẹ́ nìkan ni ò sí. Ti ẹyinjú yẹn, ojú wínníwínní ló pọ̀ jọ di ojú kan. Èyí tó bá kọjú sí Kẹ́hìndé gan-an ló ń dúdú.

Àǹtí Ṣadé: Ṣé lóòótọ́ ni abo ń jẹ ọkọ rẹ̀?

Tíṣà Báyọ̀: Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá tí ebi bá ń pa á. Ọ̀pọ̀ ọkọ náà ń ráyè sá.

Ìyá Ìbejì: Mo ti so ó mọ́ igi ọsàn. Kẹ́hìndé gbé àpótí síbẹ̀, ó ní òun ò wọlé jẹun.